Àwọn Lẹ́tà Tí N Kò Kà fún Bàbá Kúùkù

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Onígìtá, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sórí àga onígi inú pálọ̀ mi, tí mo di ìka yín mú lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ẹ fi mọ ibi tó yẹ kó wà lórí okùn, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè gbé lọ sí sàréè. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi pa á mọ́ sínú. Dókítà ti bá mi sọ òótọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní kí n má ṣètò ohunkóhun tó bá ju oṣù mélòó kan lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò tàn mí. Èmi náà ò ní tàn yín mọ́. Ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé èmi ni mo tọ́jú ọ̀gá mi, Bàbá Kúùkù tó kọ́ mi ní gìtá, títí ó fi kú, pé bí ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mo ṣe sí i. Tí wọ́n bá ti ń sọ ọ́ lójú mi, mo máa ń tẹrí ba, mi ò sì tako wọn rí. Irọ́ ni. Bàbá náà bí ọmọ. Èmi ni mo gba ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí kò sí fèrèsé. Wọ́n á kó aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú gbogbo àbàwọ́n ara wọn, a ó fọ̀ ọ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó ká a, wọ́n á kó o lọ sókè, tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á tún kó o dé. Èèyàn méjì ló máa ń di etí aṣọ ibùsùn mú kí wọ́n tó lè ká a dáadáa, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti obìnrin kan fi dojú kọra káṣọ, mi ò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ kan. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ń wọṣẹ́, aago méjì ọ̀sán ni mo ń jáde, tó bá fi máa di aago mẹ́ta mo ti wà nínú yàrá mi. Kí ni mo wá ń ṣe láti aago mẹ́ta lọ? Mo ń jókòó ni. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, ìyá mi ti kú, bàbá mi ò sì dúró kí n tó mọ ojú rẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń kí ara mi pé ẹ kú ilé o, kí n sì dá ara mi lóhùn, kí n kàn lè mọ̀ pé ohùn mi ṣì wà.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Ìyá Onílé wà nísàlẹ̀, èmi wà lókè, yàrá tó kángun sí tèmi sì ṣófo fún ìgbà pípẹ́ kí bàbá kan tó kó wọ inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó kó dé kò kún inú ọmọlanke kan. Bàbá Kúùkù la ń pè é, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi. Ó ga, ó tínrín, ojú rẹ̀ sì ti ń lọ. Ìyá Onílé ò gba tiẹ̀ rárá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé o wo ọwọ́ ọ̀tún bàbá yẹn? Ó ń tọ́ èékánná bí ìyàwó tuntun! Ti ọwọ́ òsì wá rèé, ó gé e títí ó fi kan ẹran. Kí ni mo gbà sílé báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo mú búrẹ́dì dání. Bí mo ṣe gun àtẹ̀gùn dé òkè ni mo gbọ́ nǹkan kan láti inú yàrá bàbá yẹn. Bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀wà gbígbẹ sórí páànù ló kọ́kọ́ dún, kíá kíá, ó wá dákẹ́ lójijì, èèyàn fi ìka kan igi lẹ́ẹ̀mejì, kó kó, lẹ́yìn náà ni okùn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ohun tí mo ti ń sọ fún ògiri láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ń fún búrẹ́dì ọwọ́ mi pọ̀ títí ó fi pẹlẹbẹ.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" Bàbá ló pariwo látinú ilé.

"Èmi ni, sà. Èmi tí mo wà ní yàrá kejì."

"Ṣé ariwo mi ń dí ẹ lọ́wọ́?"

"Rárá o, sà."

"Kí ló wá dé tí o dúró?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọlé jàre. Àwọn tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi dúró, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń lọ."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ irú orin gìtá yẹn: fílámẹ́ńkò. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn bàjẹ́ ní èbúté kan nílẹ̀ Sípéènì, wọ́n sì há síbẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá. Alágbẹ̀dẹ kan tó máa ń wá jẹun nínú ọkọ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá náà, òun náà sì ń fi ọbẹ̀ san án padà fún un. Ó ní kí n fún òun lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kàn án ní gbogbo ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó mi. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ti le. Àwọn ọmọ olówó tí mo gbìyànjú láti kọ́, ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń sunkún pé okùn gé àwọn níka. Ìwọ Alágbàfọ̀, jókòó." Bí mo ṣe jókòó nìyẹn. Ó gbé gìtá lé mi nítan, ó sì gbé àtàǹpàkò mi lé okùn tó sanra jù. Mo ta á lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ̀n títí kan àyà mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé nǹkan kan wà láyé tí mo fẹ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ò bá mi nínú yàrá mi mọ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣí ìka sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọńdinrín wá, kó lè gbá gbogbo okùn lọ bí ẹni ń ṣí abẹ̀bẹ̀. Ó kọ́ mi ní òǹkà méjìlá, pé ọ̀kan àti èjì kò le, ẹ̀ta ló le. Ẹ̀rin àti àrùn-ún kò le, ẹ̀fà ló le. Lẹ́yìn náà ẹ̀jọ, ẹ̀wá, èjìlá. Mo ń ka òǹkà yìí níbi iṣẹ́. Mo ń fi káṣọ. Obìnrin tí à ń jọ káṣọ wo ẹnu mi tó ń mì, ó pariwo mọ́ mi láàárín ẹ̀rọ, "Ta lò ń bá wí?" Omi ìfọṣọ máa ń mú kí èékánná ọwọ́ ọ̀tún mi, tí mo fi ń ta okùn, rọ̀ kó sì ya, Bàbá wá kọ́ mi láti fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bàtà pa á, kí n tẹ́ òwú tẹ́ẹ́rẹ́ lé e, kí n tún fi gọ́ọ̀mù pa á lórí. Ìyá Onílé rí mi, ó káwọ́ lérí, "Ó ti kó o ràn ẹ́!" Ọdún kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Mi ò tíì láyọ̀ báyẹn rí, mi ò sì tíì ní irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ibi tí ìwà mi ti wọ́ rèé. Bàbá Kúùkù ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Orí òkun ni bàbá wà nígbà tí ìyá ọmọ náà kú, wọ́n ti sin ín tán kó tó dé, ọmọ náà sì sọ ọ̀rọ̀ kan sí i lójú tí kò lè gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ò fi ríra. Tẹlifóònù ò tíì dé ilé wa nígbà náà. Lọ́jọ́ kan lẹ́tà dé, ó sì gbé e fún mi, ó ní ojú òun ò ríran kà á. Mo kà á fún un tọkàntọkàn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ọmọ náà ní òun ti bímọ, òun sì ń wá bàbá òun. Bàbá sunkún bí ọmọdé. Ó pe èsì, mo kọ ọ́, mo sì fi ránṣẹ́. Lẹ́tà yẹn, mi ò fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀.

Èkejì dé lẹ́yìn oṣù kan. Mo jókòó lórí àpótí, Bàbá jókòó lórí ibùsùn, ó na etí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ka ìkíni tán nígbà tí ojú mi sáré lọ síwájú ju ẹnu mi lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun àti ọkọ òun ti ṣètò yàrá kan fún un, pé fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oòrùn, pé òun máa wá mú un níparí oṣù. Mo rí ara mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sí yàrá mi, mo ń kí ara mi pé ẹ kú ilé.

"Kí ló tún sọ?" Bàbá ní.

Mo ní, "Ó ní ọmọ rẹ̀ ti ń yọ eyín, sà. Ó ní kí ẹ máa tọ́jú ara yín."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, sà."

Ó wá ní kí n kọ èsì, kí n bi í bóyá òun lè wá wo ọmọ náà. Mo mú bírò. Ó ń sọ̀rọ̀, mo sì ń kọ̀wé. Kò mọ̀ pé ohun tó ń sọ kọ́ ni mò ń kọ. Mo kọ ọ́ pé ara òun le, pé ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn, pé kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá. Mo fi orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òun náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ lẹ àpò ìwé náà.

Ẹ lè máa rò ó pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, pé jìnnìjìnnì ló mú mi. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kẹta dé, ọmọ náà sì bi í nínú rẹ̀ bóyá torí ọ̀rọ̀ tí òun sọ nígbà tí ìyá òun kú ni kò fi fẹ́ kí òun wá. Ó ní òun ti kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, kó jọ̀ọ́, kó dárí ji òun. Èyí ni mi ò tilẹ̀ kà fún un rárá. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ inú àpótí mi. Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìyá Onílé ló gbà á lọ́wọ́ apínlẹ́tà, ó sì bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo wo obìnrin náà lójú, mo ní, "Èébú ni, mà. Ó bú bàbá rẹ̀ débi tí mi ò lè kà á. Tí mo bá kà á fún un, ó máa pa á." Omi gba ojú Ìyá Onílé. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ dáadáa. A ò ní jẹ́ kó gbọ́." Láti ọjọ́ náà, tí lẹ́tà bá dé, ìyá yẹn á fà á lé mi lọ́wọ́ láìjẹ́ kí Bàbá mọ̀, á sì mi orí. Bí mo ṣe sọ ọmọlúàbí di alábàáṣe mi nìyẹn, títí ó fi kú ni kò mọ ohun tí ó bá mi ṣe.

Bàbá ò sì dákẹ́. Ó máa ń béèrè. "Apínlẹ́tà ò yà ọ̀dọ̀ wa lónìí?" Mo máa ní kò yà, sà. "Bóyá ọmọ ni kò jẹ́ kó ráyè," òun náà á wá àwáwí fún un, á gbé gìtá. Tó bá ti bi mí báyẹn, tí mo sì ti parọ́ fún un, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló máa ń ta á dáadáa jù. Mo máa jókòó tì í, mo máa gbádùn rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ìbànújẹ́ tí mo fọwọ́ ara mi dá sí i lára ni mo jókòó tì, tí mò ń gbádùn.

Mo ti ń bọ̀ níbi tó burú jù báyìí. Ọjọ́rú kan, n kò lọ síbi iṣẹ́. Bàbá fẹ́ lọ rí dókítà ojú, èmi ló sì yẹ kí n mú un lọ. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn kankan ò dùn mí. Orin kan wà tí mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu, mo sì fẹ́ dá nìkan wà pẹ̀lú gìtá náà. Ìyá Onílé wá mú un lọ. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Gbogbo ìka mi ló ń gbọ́ràn. Mo ti tà á dé àárín nígbà tí ẹsẹ̀ kan sáré gun àtẹ̀gùn, ẹnì kan sì gbá ilẹ̀kùn.

"Bàbá! Bàbá mi!"

Mo ṣílẹ̀kùn. Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀, ó wọ kóòtù òjò, àpò ìrìn-àjò wà léjìká rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tó rí mi, ó wá ń kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo gbọ́ gìtá yẹn látìsàlẹ̀, mo rò pé bàbá mi ni. Bó ṣe máa ń ta á gan-an nìyẹn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé inú mi dùn. Ọmọ rẹ̀, tó gbọ́ ọ látinú ìtẹ́ ọmọdé, kò mọ ọwọ́ mi yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ìyìn yẹn ni mi ò fẹ́ dá padà. Mo ní, "Bàbá yín ti kó lọ."

"Ó kó lọ? Níbo, mà?"

"Kò sọ fún wa. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ òun, ká ní kó máa padà lọ."

Ó wo inú yàrá kọjá léjìká mi. "Fìlà rẹ̀ ló wà lára ìṣó yẹn."

"Ó fi í sílẹ̀. Ó fi gìtá náà sílẹ̀ fún mi."

Orí gìtá ni ojú rẹ̀ wá dúró sí. Mo rí ohun tí ọ̀rọ̀ mi ṣe sí i. Ó ní, "Ó fi màmá mi sílẹ̀. Ó fi èmi náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé ó lè fi èyí sílẹ̀ láéláé. Tó bá ti fi èyí sílẹ̀, a jẹ́ pé òótọ́ ni, kò fẹ́ nǹkan kan mọ́." Ó tọrọ omi. Mo bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó rọra gbé ife náà sílẹ̀ kó má baà dún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo lọ sí ojú fèrèsé. Ó ti jókòó sí ibùdókọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo ń wò ó bẹ́ẹ̀ ni mo rí Bàbá Kúùkù àti Ìyá Onílé tí wọ́n yọ ní kọ̀rọ̀. Bàbá di apá Ìyá Onílé mú, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Títì kan ṣoṣo ló wà láàárín bàbá àti ọmọ. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Kí n kàn pariwo, "Bàbá, ọmọ yín rèé!" Ohùn tí mo fi ń kí ara mi nínú yàrá, ohùn yẹn ṣì wà lọ́fun mi. N kò lò ó. Bọ́ọ̀sì dé, ó bo ibùdókọ̀ náà mọ́ mi lójú, nígbà tó fi máa kúrò, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Mo fi omi ṣan ife tó fi mumi. Mo nù ún. Mo gbé e padà sí ààyè rẹ̀.

Bàbá wọlé tayọ̀tayọ̀. "Alágbàfọ̀, gbọ́! Wọ́n ní ojú kan ṣeé ṣe. Wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lóṣù tó ń bọ̀. Tójú yìí bá là, gbogbo lẹ́tà ọmọ mi àtẹ̀yìnwá ni màá fúnra mi kà lákàtúnkà." Mo ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà." Mo lọ sínú yàrá mi, mo kúnlẹ̀, mo sì gbàdúrà kí ojú náà má là. Mi ò gbọ́dọ̀ fo èyí. Ẹni tó kọ́ mi lóhun tó dùn jù láyé mi, mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi í sínú òkùnkùn.

Ojú ò là, kì í ṣe torí àdúrà mi, òtútù àyà ló mú un kí oṣù náà tó pé. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dùbúlẹ̀. Mo bọ́ ọ, mo wẹ̀ ẹ́, mo pa aṣọ ibùsùn rẹ̀ dà lójoojúmọ́; ohun tí àwọn èèyàn rí nìyẹn, tí wọ́n fi ń yìn mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí n mú bírò wá. Èémí rẹ̀ ò tó sọ gbólóhùn kan parí. Ó ní, "Kọ ọ́ pé mi ò bínú. Kọ ọ́ pé ẹjọ́ òun kọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ lọ. Kọ ọ́ pé... bóyá ó lè mú ọmọ náà wá síbi sàréè mi, ìgbà tó bá ráyè." Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wí i, mi ò yọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rò ó pé kí n jẹ́wọ́ fún un. Mo ti ya ẹnu. Ó na ọwọ́ wá mi lórí aṣọ ibùsùn, ó mú ìka mi, ó ní, "Ìwọ lọmọ tí mo ní." Mo pa ẹnu mi dé. Ọjọ́ kejì ló kú. Ìyá Onílé, èmi àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó gbé pósí la sin ín. Lẹ́tà ìkẹyìn yẹn bọ́ sínú àpótí mi, ó bá àwọn yòókù.

Ẹ mọ èyí tó kù. Mo fi iṣẹ́ ìfọṣọ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn, ẹ̀yin náà sì dé. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ta gìtá lóde rí, kí ló dé tó jẹ́ pé tí ẹ bá pàtẹ́wọ́ mo máa ń dìde lọ wá nǹkan nílé ìdáná. Ẹ wá mọ̀ báyìí. Ìyìn ẹnì kan ni mo ti gbà, mo sì mọ ohun tó ná bàbá àti ọmọ.

Nígbà tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀ tán, mo kọ̀wé sí àdírẹ́sì ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà náà. Mi ò retí nǹkan kan. Ọmọ tó ń yọ eyín nígbà náà, tó ti di ọkùnrin báyìí, ló rí i gbà, ló mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Obìnrin náà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ó ti lé lọ́gọ́ta. Mo jẹ́wọ́ fún un lórí ìdúró, mo bẹ̀rù pé tí mo bá jókòó màá tún wá irọ́ kan pa. Mo kó àwọn lẹ́tà fún un, tirẹ̀ tí n kò kà, àti ti bàbá rẹ̀ tí n kò fi ránṣẹ́. Ó wọ ìgò ojú, ó jókòó, ó kà á láti ọ̀kan dé òmíràn. Aago ara ògiri ni mò ń gbọ́. Nígbà tó dé orí èyí tó kẹ́yìn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ká a sí wẹ́wẹ́ títí kò fi ṣeé ká mọ́.

"Kí ló dé?" ohun tó bi mí nìyẹn.

Mo ní, "Mi ò fẹ́ dá wà."

Ó ní, "Èmi náà dá wà, mà."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kì í ṣe torí pé ó ti dárí jì mí, ó ní òun ò fẹ́ kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún òun ni. Ó ní, "Mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò tíì lè dárí jì yín, mi ò sì mọ̀ bóyá màá lè ṣe é kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó rò pé ẹ̀yin lọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó bí mi, àti pé mo wá." Ó gbé gìtá náà lọ. Ẹ má wá a tí ẹ bá dé. Mo bá a gbé e dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sì gbà kí n bá a gbé e.

Nítorí náà, mo sọ ọ́ fún yín: Bàbá Kúùkù ní ọmọ, ọmọ rẹ̀ sì wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé orin ló bà mí jẹ́. Orin ò ṣe mí ní nǹkan kan àfi oore. Ìgbà tí mo rí oore ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó má baà jáde, ilẹ̀kùn yẹn ni mo sì tì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ níta. Bí ohun kan tàbí ẹnì kan bá ti ń lé ìdánìkanwà yín lọ, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é, kí ẹ sì fi ààyè sílẹ̀ fún un. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi bẹ obìnrin náà. Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Àánú tí mo bá máa rí gbà, kó tọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ wá. Ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ fún irọ́ tí mo fi gba ọ̀wọ̀ yín. Àkọsílẹ̀ ibi tí sàréè bàbá náà wà ni mo fún un kó tó lọ, mo sì gbọ́ látẹnu ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ pé lánàá, obìnrin kan àti ọkùnrin kan wá, wọ́n jókòó pẹ́ títí, ọkùnrin náà ń ka ìwé kan sókè ketekete.